Bọ́gà ilé ọtí lẹ́yìn Kinder Scout: aago mélòó ló yẹ ká gbéra ní Edale?

Délé_Salford (Ọjọ́ Ajé, 7:12 alẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Àwa mẹ́jọ la fẹ́ gun òkè Kinder Scout ní Derbyshire ní Sátidé tó kẹ́yìn kí wọ́n tó yí aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan nínú Oṣù Kẹwàá yìí. Méjì nínú wa jẹ́ àkọ́rìn pátápátá. A máa wọ rélùwéè láti Manchester Piccadilly dé abúlé Edale nísàlẹ̀ òkè náà, a ó gba àtẹ̀gùn Jacob's Ladder gòkè, a ó tọ etí òkè yẹn dé góńgó Grindslow Knoll, ká tó sọ̀ kalẹ̀ padà sí Edale. Kí n má purọ́, bọ́gà ilé ọtí ló wà lọ́kàn gbogbo wa ju òkè lọ. Èrò mi ni pé ká gbéra láago mẹ́wàá ààbọ̀, ká ti jókòó ti oúnjẹ láago mẹ́ta. Ẹnì kan wà tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹnì kan ò sì jẹ ẹran rárá. Ṣé ètò yìí máa ṣeé ṣe? Kí ló yẹ ká mọ̀?

Àjàní_Sheffield (7:40 alẹ́)

Délé, ẹ ò ní bá bọ́gà yẹn. Jẹ́ ká ṣírò ó.

Ọ̀nà tí o sọ yẹn tó nǹkan bíi kìlómítà 14, gígun rẹ̀ sì sún mọ́ mítà 500. Òfin Naismith tí àwọn tó ń gun òkè nílẹ̀ yìí ti ń lò láti 1892 sọ pé wákàtí kan ni kìlómítà 5, kí a tún fi wákàtí kan kún un fún mítà 600 tí a bá gùn. Nítorí náà, ìrìn jẹ́ wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 48, gígun jẹ́ ìṣẹ́jú 50. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 38, fún ẹni tí kò dúró tọ̀, tí kò ya fọ́tò, tí okùn bàtà rẹ̀ kò sì tú. Èèyàn mẹ́jọ tí àkọ́rìn wà láàárín wọn? Ẹ ka wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 20. Bí ẹ bá gbéra láago mẹ́wàá ààbọ̀, aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ máa tó dé abúlé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ nìyí: ní ọ̀pọ̀ ilé ọtí abúlé, káńtà àti ìdáná kì í ti ní aago kan náà. Ọtí lè máa jáde láti ọ̀sán dé alẹ́, ṣùgbọ́n ìdáná á ṣí láago méjìlá, á tì láago méjì ààbọ̀ tàbí mẹ́ta, kò sì ní ṣí padà títí di aago márùn-ún ààbọ̀ tàbí mẹ́fà. Ẹni tó bá wọlé láago mẹ́rin, ẹ̀pà àti kírísípì inú ọ̀rá ló máa bá pàdé. Àwọn kan wà tó ń dáná láti ọ̀sán títí dalẹ́ láìdúró, pàápàá ní òpin ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n aago wọn máa ń yí padà bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá ti kọjá. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù. Ẹ má béèrè pé "aago mélòó lẹ ń tì?" Ẹ béèrè pé "aago mélòó ni ìdáná ń gba ọ́dà ìkẹyìn?" Ìbéèrè méjèèjì kò jọra rárá.

Láti aago ìdáná ni kí ẹ ti máa kà á bọ̀ sẹ́yìn. Bí ọ́dà ìkẹyìn bá jẹ́ aago mẹ́ta, ẹ fẹ́ jókòó láago méjì ààbọ̀, ẹ fẹ́ dé abúlé láago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú, nítorí náà aago mẹ́sàn-án ni ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò ní ibùdókọ̀ rélùwéè.

Rónkẹ́_Leeds (7:58 alẹ́)

Ẹ ṣé, Bọ̀dá Àjàní. Ẹ jẹ́ kí n fi ti tábìlì kún un.

Èèyàn mẹ́jọ ní ọjọ́ Sátidé, ẹ má wọlé láìsọ tẹ́lẹ̀. Ilé ọtí méjì péré ló wà ní Edale: The Rambler Inn tó sún mọ́ ibùdókọ̀, àti The Old Nags Head lókè abúlé, níbi tí Pennine Way ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà ẹsẹ̀ tó lọ dé Kirk Yetholm ní Scotland, kìlómítà 431. Gbogbo ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè ló ń wá sí méjèèjì, ebi sì ń pa gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí ẹ bá ń pè, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń gba ọ́dà ṣáájú fún ẹgbẹ́ tó pọ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n gba bàtà ẹlẹ́rẹ̀, torí ibòmíì ní yàrá tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ òkúta tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń rìn àti ajá wọn, ibi tí kápẹ́ẹ̀tì wà kò sì ní gbà yín. Ẹ fi nọ́ńbà fóònù sílẹ̀.

Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ má jókòó kí ẹ máa retí ẹni tó máa wá bá yín. Ẹ wo nọ́ńbà ara tábìlì, kí ẹnì kan lọ sí káńtà, kó sọ nọ́ńbà yẹn, kó pa ọ́dà gbogbo yín pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó san owó lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ á wọ ìdáná lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni àkọ́kọ́ á ti jẹun tán kí ti ẹni ìkẹyìn tó jáde. Ẹ gba owó lọ́wọ́ ara yín nínú rélùwéè.

Kọ́lá_Bolton (8:05 alẹ́)

Ẹ má jẹ nǹkan kan lórí òkè o. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún bọ́gà.

Rónkẹ́_Leeds (8:11 alẹ́)

Bọ̀dá Kọ́lá, ẹ má bínú, ìmọ̀ràn yẹn ló ń ba ọ̀sán jẹ́. Ẹni tí kò jẹun fún wákàtí márùn-ún lórí òkè tútù, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á lọ sílẹ̀, á máa kọsẹ̀ ní sísọ̀kalẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi ọrùn ẹsẹ̀ rọ́. Bó bá wá dé ìdí oúnjẹ, á gbé e mì láìjẹ ẹ́, inú á rú u. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa jẹ lọ, ẹ̀kúnwọ́ kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan: ẹ̀pà oníyọ̀, ṣínṣín, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, pọ́fùpọ́fù méjì. Kí gbogbo rẹ̀ dáwọ́ dúró ní wákàtí kan ààbọ̀ ṣáájú tábìlì. Omi: lítà kan ààbọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, òtútù kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé òǹgbẹ ń gbẹ òun.

Alásè_Derby (9:20 alẹ́)

Ọ̀rọ̀ rìn, ó rìn, ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu ba bọ́gà fúnra rẹ̀.

Bọ́gà ilé ọtí kì í ṣe ẹgbẹ́ ti ilé oúnjẹ kíákíá. Àǹṣì 6 tàbí 8 ló máa ń jẹ́, ìyẹn gíráàmù 170 tàbí 227 kó tó kan iná, ó sì nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ìnípọn yẹn ni kì í jẹ́ kó yá. Ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún ní ojú kọ̀ọ̀kan, kó sinmi díẹ̀, kí wọ́n tó tò ó. Bí alásè bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tí irin ìdínran rẹ̀ kò sì fẹ̀, mẹ́jọ kò ní gba orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fọkàn sí ogún ìṣẹ́jú sí ogójì, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ilẹ̀kùn ìdáná ní ìṣẹ́jú kẹwàá.

Kí ló ń mú kó dára? Ọ̀rá ni. Ẹran lílọ̀ tó ní ọ̀rá ìdá 20 nínú 100 ló yẹ ẹ́. Bí ọ̀rá bá lọ sílẹ̀ sí ìdá 10, ẹran á gbẹ bí igi ìdáná. Lẹ́yìn ọ̀rá, iyọ̀. Wọn kì í po iyọ̀ mọ́ inú ẹran; bó bá pẹ́ nínú rẹ̀, ó máa ń yọ́ purotéènì, ẹran á wá so mọ́ra, á le bíi sọ́séèjì lẹ́nu dípò kó máa tú. Ìta ni wọ́n ń bù ú sí, nígbà tó bá ku díẹ̀ kó kan irin. Alásè tó mọṣẹ́ á tún fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀ wọnú díẹ̀, torí bí ẹ̀gbẹ́ ṣe ń súnkì, àárín á wú bíi bọ́ọ̀lù, wàràkàṣì á sì yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ṣíbí pẹlẹbẹ tẹ bọ́gà mọ́lẹ̀ lórí iná, omi ẹran ló ń fún dànù. Ariwo ṣàà tí ẹ ń gbọ́ yẹn, adùn tó ń lọ ni.

Nípa pupa inú rẹ̀: bí àárín bá jinná pátápátá, ẹ má rò pé alásè ò mọṣẹ́. Kòkòrò àìfojúrí máa ń wà lójú ẹran. Lára odidi ègé, iná á pa á lójú, inú lè pupa láìséwu. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti lọ ẹran, ohun tó wà lójú ti di ohun inú. Ìdí nìyẹn tí Food Standards Agency, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ, fi ní kí àárín bọ́gà gbóná dé 70°C fún ìṣẹ́jú 2, tàbí 75°C fún ìṣẹ́jú-àáyá 30. Ilé oúnjẹ tó bá fẹ́ tà á ní pupa gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba ìbílẹ̀ létí, kó sì kọ ìkìlọ̀ sí ìwé oúnjẹ. Aboyún, ọmọdé àti àgbàlagbà, kí wọ́n má dán an wò.

Búrẹ́dì: ó yẹ kí wọ́n yan ojú inú rẹ̀ lórí irin, kó fi èèpo díẹ̀ dí omi ẹran. Èyí tí wọn kò yan, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á ti di ẹ̀kọ kí ẹ tó jẹ ẹ́ dé ìlàjì. Brioche ni ọ̀pọ̀ ń lò báyìí, bọ́tà àti ẹyin wà nínú rẹ̀, ó máa ń dùn mọ́ni lẹ́nu ṣùgbọ́n ó máa ń jóná kíákíá.

Ṣípìsì: ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń dín èyí tó dára, àkọ́kọ́ nínú òróró tó wà ní nǹkan bíi 130°C kí inú rẹ̀ lè rọ̀, ìkejì ní 180 sí 190°C kí ẹ̀yìn lè gan. Bí ṣípìsì yín bá rọ jọwọrọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé apẹ̀rẹ̀ kún jù, ooru òróró wá lọ sílẹ̀, ṣípìsì bẹ̀rẹ̀ sí í mu òróró dípò kó dín. Ọ́dà mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan lè fà á. Ìdí mìíràn rèé tí ọ́dà ṣáájú fi dára.

Alásè_Derby (9:26 alẹ́)

Mo gbàgbé: bó bá dé orí tábìlì, ẹ da ṣípìsì jáde nínú garawa irin kékeré yẹn sórí àwo lójú ẹsẹ̀. Ooru tirẹ̀ ló ń sè é nínú ibẹ̀. Ẹ yọ igi tí wọ́n fi gún bọ́gà (ẹni tó bá gbàgbé á mọ̀ ọ́n lára àjà ẹnu), ẹ gbé òrùka àlùbọ́sà díndín tó wà lórí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí ẹ fi ọ̀bẹ là á sí méjì. Bí ẹ̀ ń bá a jà ní odidi, tòmátò á yọ̀ lọ sórí itan.

Sàláwù_Bradford (9:51 alẹ́)

Délé, nípa ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀: ṣé ìlera ni, àbí ẹ̀sìn?

Délé_Salford (10:02 alẹ́)

Mùsùlùmí ni, ẹ̀gbọ́n. Kì í mu ọtí náà.

Sàláwù_Bradford (10:19 alẹ́)

Ó dáa. Ẹ má fi ọkàn sí i pé ilé ọtí abúlé á ní ẹran màlúù halal, ọ̀pọ̀ ni kò ní. Bí wọ́n bá tiẹ̀ ní in, ẹ ṣì ní láti bi wọ́n nípa irin: orí irin kan náà ni wọ́n sábà máa ń dín bẹ́kìn, ẹ̀mú kan náà ni wọ́n fi ń yí gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé "ẹ mú bẹ́kìn kúrò" kò tíì yanjú nǹkan kan.

Àwọn èèyàn á wá sá lọ sídìí ẹja àti ṣípìsì. Ẹ dúró ná. Ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń bo ẹja nílé ọtí, bíà ni wọ́n sábà máa ń fi pò ó, wọ́n tiẹ̀ máa ń kọ ọ́ gàdàgbà sí ìwé oúnjẹ bí ohun ìyangàn. Ìhà àríwá sì ni Edale wà, níbi tí àwọn kan ṣì ń fi ọ̀rá màlúù dín ṣípìsì. Ohun tó dá mi lójú jù ni bọ́gà ẹ̀wà tàbí ti olú, kí ẹ bi wọ́n pé "ṣé agbada ọ̀tọ̀ lẹ fi ń dín in?" tàbí ànàmọ́ odidi tí wọ́n yan pẹ̀lú èèpo, tí wọ́n da ẹ̀wà lé.

Ìbéèrè kan náà ni ẹni tí kì í jẹ ẹran máa bi wọ́n. Bó bá tún jẹ́ pé kì í jẹ ẹyin àti wàrà, kó ṣọ́ brioche àti mayonnaise. Èròjà 14 tó lè bá ara èèyàn jà, ẹ̀pà, wàrà, ẹyin, sẹ̀sámì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, òfin ló ní kí wọ́n lè sọ fún yín bóyá ó wà nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má tijú láti béèrè, kí ẹ sì béèrè lórí fóònù kí ọjọ́ náà tó pé, kì í ṣe nígbà tí èrò tò sẹ́yìn yín ní káńtà.

Atọ́nà_Buxton (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:33 àárọ̀)

Ẹ ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ bí ẹni pé òkè náà ò sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ba ayọ̀ yín jẹ́ díẹ̀.

Láti ibùdókọ̀, ẹ gba inú abúlé lọ síbi tí Pennine Way ti yà sápá òsì, kọjá pápá lọ sí Upper Booth, lẹ́yìn náà Jacob's Ladder, àtẹ̀gùn òkúta tó ga. Ibẹ̀ ni àkọ́rìn ti ń sáré lódì. Ìrìn tí èèyàn lè máa sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ni ìrìn tó tọ́. Lókè, Kinder Low ga tó mítà 633. Góńgó Kinder gan-an jẹ́ 636, ó wà nínú ẹrẹ̀ dúdú láàárín òkè níbi tí kò sí àmì kankan. Ẹ fi sílẹ̀. Ẹrẹ̀ yẹn ní kòtò jínjìn tó lọ́ bí ìfun, bí kùrukùru bá sì bolẹ̀, èèyàn á máa yí po níbẹ̀. Ẹ tọ etí òkè, kọjá àwọn àpáta wọ̀nyí: Pym Chair, Wool Packs, Crowden Tower, kí ẹ tó dé Grindslow Knoll. Àfonífojì máa wà lápá ọ̀tún yín ní gbogbo ìgbà yẹn. Bó bá bọ́ sápá òsì, ẹ ti ṣìnà.

Ẹ mú máàpù oníwèé dání, OL1 ti Ordnance Survey, àjọ tó ń ya máàpù nílẹ̀ yìí, àti kọ́ńpáàsì. Fóònù kì í mú dáadáa nínú àfonífojì Edale. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ fi ọ̀rọ̀ "register" ránṣẹ́ sí 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, kí ẹ tẹ̀ lé ohun tí wọ́n bá dá padà, kí ẹ lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ pe ìrànlọ́wọ́ níbi tí ohùn kò bá ti kọjá. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ọlọ́pàá lẹ máa béèrè, kí ẹ wá sọ pé Mountain Rescue, àwọn tó ń gba èèyàn là lórí òkè, lẹ fẹ́.

Ẹ gbọ́dọ̀ wà ní Kinder Low kí aago méjìlá tó lù bí ẹ bá gbéra láago mẹ́sàn-án. Bó bá ti di méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹ kò tíì débẹ̀, ẹ pe ilé ọtí láti orí òkè, ẹ sún tábìlì sí alẹ́. Ẹ má sáré sọ̀ kalẹ̀ nítorí bọ́gà. Orúnkún kì í gbàgbé. Oòrùn á wọ̀ ṣáájú aago mẹ́fà lọ́jọ́ náà, nítorí náà ẹ mú iná orí dání. Ẹni tó bá ń ka èyí fún ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n ti yí aago padà, òkùnkùn yóò ti máa ṣú láago márùn-ún.

Ẹ sì rántí pé kì í ṣe ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi fún wa. Ní 24 Oṣù Kẹrin 1932, àwọn òṣìṣẹ́ gòkè láti ìhà Hayfield wọ Kinder yìí kan náà nígbà tí àwọn onílẹ̀ kò jẹ́ kí ará ìlú débẹ̀. Márùn-ún lọ sẹ́wọ̀n.

Àjàní_Sheffield (7:15 àárọ̀)

Bí ojú ọjọ́ bá burú, ẹ má gun Kinder. Ẹ lọ sí Hollins Cross, kí ẹ gba òkè Mam Tor (mítà 517), kí ẹ sọ̀ sí abúlé Castleton. Ó kúrú, òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀nà góńgó rẹ̀, ilé ọtí Castleton sì pọ̀ ju ti Edale lọ, ẹ ó rí ìdáná kan tó ṣí. Àléébù rẹ̀ ni pé ibùdókọ̀ rélùwéè abúlé Hope ló kù fún yín láti padà sílé, ó sì lé ní kìlómítà mẹ́ta lẹ́yìn oúnjẹ.

Fọlá_Stockport (12:48 ọ̀sán)

Ẹ ti gbàgbé ohun mímu. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ mu, ìdajì lítà, ọ̀fẹ́ ni lórí káńtà. Ọtí lórí òǹgbẹ àti ikùn òfìfo ń yára wọ ẹ̀jẹ̀, pajápajá sì máa ń mú èèyàn lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bíà dúdú kíkorò bá bọ́gà oníwàràkàṣì mu gan-an, torí ìkorò rẹ̀ ń gé ọ̀rá. Kí ẹni tó mọ Guinness ilé wa má retí ohun kan náà: ti ilé jẹ́ ìdá 7.5 nínú 100, èyí tí wọ́n ń fà látinú páìpù níbí kò ju ìdá 4 lọ púpọ̀, ó sì fúyẹ́. Fún ẹni tí kì í mu ọtí, omi sódà pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́ kì í wọ́n. Móòtì? Ẹ má tiẹ̀ béèrè.

Bí ẹnì kan bá gbé mọ́tò wá, kó má mu ún rárá. Mílígíráàmù 80 nínú mílílítà 100 ẹ̀jẹ̀ ni ààlà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 50 ni ní Scotland, kò sì sí ẹni tó lè fi ojú mọ iye tó wà lára òun.

Bísí_Oldham (1:30 ọ̀sán)

Ìbéèrè pàtàkì: ata ńkọ́?

Alásè_Derby (2:04 ọ̀sán)

Àǹtí Bísí, mo ti ń retí yín. Ẹ mú yájì sínú ìgò kékeré, ìlàjì ṣíbí tíì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wọ́n ọn sórí ẹran lábẹ́ wàràkàṣì, kì í ṣe sórí búrẹ́dì. Ẹ̀pà wà nínú yájì o, ẹ má jẹ́ kó kan àwo ẹni tí ẹ̀pà ń bá jà, ẹ má sì gbọn ìgò náà sórí tábìlì ẹlòmíì. Ata olómi, ẹ fi sílé. Ó ń tú sínú báàgì.

Délé_Salford (6:50 alẹ́)

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àǹtí. Mo ti pè wọ́n. Ọ́dà ìkẹyìn fún ọ̀sán jẹ́ aago mẹ́ta, wọ́n sì gba ọ́dà ṣáájú: bọ́gà màlúù mẹ́fà, ti ẹ̀wà méjì, agbada ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń dín ti ẹ̀wà. Tábìlì jẹ́ aago méjì ààbọ̀ ní yàrá olókùúta. A gbéra láago mẹ́sàn-án géérégé. Ó ku kí n sọ fún àwọn yòókù pé rélùwéè àárọ̀ kùtù la máa wọ̀.

Rónkẹ́_Leeds (7:03 alẹ́)

Ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá, Délé. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó wọlé. Ẹ sì wo àkókò rélùwéè ìpadàbọ̀ kí ẹ tó pàṣẹ púdìǹgì.